Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ilé-ẹ̀kọ́ kàráté kan ní Ọbáńtókò, bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ wọn ló ń kọ́ni

Ìyá_Oníbejì

Ẹ̀yin òbí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà ládùúgbò wa ní Ọbáńtókò tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdé àti àwọn ọ̀dọ́ ní kàráté, pẹ̀lú júdò díẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ìdílé kan ló ni ín. Bàbá ni ọ̀gá, ìyàwó rẹ̀ ló ń mójú tó àwọn kéékèèké, ọmọkùnrin wọn àgbà ló ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló sì máa ń dúró níwájú kí àwọn ọmọ máa wò ó ṣe. Kò sí olùkọ́ mìíràn níbẹ̀.

Àwọn ìbejì mi jẹ́ ọmọ ọdún 7. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin jẹ́ 13, òun gan-an ló sì da ilé rú pé òun fẹ́ lọ, torí àwọn ọmọkùnrin kan máa ń yọ ọ́ lẹ́nu tó bá ń bọ̀ láti ilé-ìwé. Bàbá wọn ní kò burú. Èmi ni ọkàn mi kò tíì balẹ̀. Ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa sọ fún mi pé títẹríba tí wọ́n ń tẹrí ba níbẹ̀, òrìṣà àwọn ará Jàpáànì ni wọ́n ń bọ. Nígbà tí mo sì lọ bèèrè owó, wọ́n ní owó oṣù wà lọ́tọ̀, owó ìdánwò bẹ́líìtì kọ̀ọ̀kan wà lọ́tọ̀. Èyí tó wá ká mi lára jù: tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ mi, ta ni màá fẹjọ́ sùn? Ọkọ ni, ìyàwó ni, ọmọ ni. Ẹni tí mo bá lọ bá, ẹbí ẹni tí mo fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn náà ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti fi ọmọ sí irú ibẹ̀ rí, kó dá mi lóhùn.

Àdìsá_Adátán

Ẹ mú wọn lọ jàre. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fò láti orí òrùlé kan bọ́ sórí èkejì bíi ti fíìmù Ṣáínà. Màá san ti ara mi lọ́tọ̀.

Bẹ́líìtì_Búráùn

Ẹ̀gbọ́n Àdìsá, ti Ṣáínà kọ́ lẹ̀ ń wí yẹn o. L'Abẹ́òkúta níbí, gbogbo ẹni tó bá ti gbẹ́sẹ̀ sókè, "kọ̀fúù" la máa ń pè é. Kàráté wá láti erékùṣù Okinawa lọ́hùn-ún ní gúúsù Jàpáànì, Tokyo ni wọ́n ti dá júdò sílẹ̀. Taekwondo tí Chika Chukwumerije fi gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ fún wa ní Beijing ní 2008, ti Kòríà nìyẹn.

Mọ̀ọ́mì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Mo ṣe kàráté nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì, mo dé bẹ́líìtì búráùn kí n tó wọ yunifásítì FUNAAB tí ìwé kò jẹ́ n ráyè mọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni pé ọwọ́ àwọn olùkọ́ ni nǹkan méjèèjì yìí ti wá. Jigoro Kano tó dá júdò sílẹ̀ ní 1882, olùkọ́ ni. Inú tẹ́ńpìlì kan ní Tokyo ló ti bẹ̀rẹ̀, lórí ẹní 12 péré. Anko Itosu ló mú kàráté wọ àwọn ilé-ìwé Okinawa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, ó sì to kata (àwọn ìgbésẹ̀ ìjà tó tẹ̀ léra, téèyàn ń dá ṣe) 5 kan tó rọrùn sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, ó pè é ní Pinan. Gichin Funakoshi tó wá fi kàráté han àwọn ará Tokyo ní 1922, tíṣà lòun náà. Heian ló ń pe Pinan yẹn. Ẹ dé ibikíbi tí wọ́n ti ń ṣe Shotokan, ẹ̀ya kàráté ti Funakoshi, lọ́la, ẹ ó gbọ́ "Heian Shodan" lẹ́nu ọmọ ọdún 6.

Torí náà, bóyá ó yẹ ọmọdé, èmi kò rò pé ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹni tó ń kọ́ wọn ni kẹ́ ẹ wò dáadáa.

Ti àbúrò mi obìnrin yẹn, ọmọ yín ọlọ́dún 13, ẹ má jẹ́ kó rò pé oṣù kan á tó láti na àwọn ọmọkùnrin wọ̀nyẹn. Oṣù àkọ́kọ́, bí wọ́n ṣe ń dúró àti bí wọ́n ṣe ń rìn ni wọ́n máa kọ́ ọ. Ara òfin tí Funakoshi kọ sílẹ̀ náà ni pé ẹni tó ń ṣe kàráté kì í kọ́kọ́ nawọ́ ìjà. Ẹ lọ rí ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yẹn lọ́sẹ̀ yìí, kàráté á máa bọ̀ lẹ́yìn.

Alfa_Láfẹ́nwá

Salaamu alaykum. Ọ̀rọ̀ títẹríba yìí, mo ti bá wọn fà á rí kí n tó fi ọmọ mi obìnrin síbi tó wà (tiwa kì í ṣe ti Ọbáńtókò). Mo lọ bá sensei, ìyẹn olùkọ́ wọn, mo ní, "Ọ̀gá, ta lẹ̀ ń tẹrí ba fún?" Ó ní wọ́n ń kí ara wọn ni. Mo ní kí a jọ lọ wo ògiri. Àwòrán Funakoshi wà níbẹ̀ lóòótọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, gbogbo ọmọ á kúnlẹ̀, wọ́n á fọwọ́ méjèèjì kanlẹ̀, wọ́n á sì tẹrí síhà àwòrán yẹn. Mo ní ọmọ tèmi kò ní ṣe ìyẹn.

Kò bá mi jiyàn. Ó ní kó dúró lórí ìdúró, kó gbé ọwọ́ lé itan, kó mirí sí olùkọ́ àti sí ẹni tí wọ́n bá jọ fẹ́ ṣeré. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe dòní olónìí, ẹnikẹ́ni kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ béèrè ní gbangba, Ìyá Ìbejì. Ẹ sọ ohun tí ẹ̀sìn yín gbà àti ohun tí kò gbà. Olùkọ́ tó bá fi ìbínú dáhùn, ẹ ti mọ irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀.

Àmọ́ àwa Ẹ̀gbá náà! Àwa tí à ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àgbà láàárọ̀ kùtù, ká wá máa pariwo torí pé ọmọ mirí sí ẹni tó ń kọ́ ọ? Mo mọ̀ pé àwọn alfa ẹgbẹ́ mi kan á ta kò mí.

Ẹni tó bá ń ro ti híjáàbù: àjọ kàráté àgbáyé, WKF, fàyè gbà á nínú ìdíje. Ní ti júdò, ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀. Ní London 2012, àríyànjiyàn ńlá ló ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó gbà kí Wojdan Shaherkani, ọmọbìnrin Saudi Arabia, fi ìborí kan wọlé.

Nọ́ọ̀sì_ÌdíÀbà

Júdò ọjọ́ Sátidé yẹn ni kẹ́ ẹ fojú sí jù.

Ní kàráté ọmọdé, ètè lè bẹ́, ìka ẹsẹ̀ lè wú. Ní júdò, wọ́n ń gbé èèyàn ṣubú ni, tí ọmọ kò bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú, ẹ̀yìn orí rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ní Jàpáànì fúnra rẹ̀, ó lé ní 100 ọmọ ilé-ìwé tó kú nídìí júdò láàárín 1983 sí 2011. Orí fífarapa ló pa èyí tó pọ̀ nínú wọn, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ló sì pọ̀ níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní osoto gari, tí ẹnìkan máa fi ẹsẹ̀ gbá ẹsẹ̀ ẹnì kejì láti ẹ̀yìn kó lè fẹ̀yìn lélẹ̀, wà lára àwọn tó léwu jù fún ẹni tuntun.

Mi ò sọ ọ́ kí ẹ̀rù lè bà yín. Ẹ lọ jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan, kẹ́ ẹ wò ó bóyá wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní ṣíṣubú kí wọ́n tó kọ́ wọn ní gbígbé èèyàn ṣubú. Ṣíṣubú yẹn ni ukemi. Ọmọ á kọ́kọ́ jókòó sílẹ̀, á fi àgbọ̀n mọ́ àyà, á yí sẹ́yìn, kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó balẹ̀ tán, á ti fi apá méjèèjì gbá ẹní pàà! Olùkọ́ tó mọṣẹ́, igbe tí yóò máa ké ni, "Wo kókó bẹ́líìtì ẹ!" Ẹni tó bá ń wo kókó bẹ́líìtì ara rẹ̀ nígbà tó ń lọ sílẹ̀, ẹ̀yìn orí rẹ̀ kì í sábà kan ilẹ̀. Tó bá ti mọ̀ ọ́n ṣe láti orí ìjókòó, yóò ṣe é láti orí ìlóṣòó, lẹ́yìn náà láti orí ìdúró. Tẹ́ ẹ bá rí ọmọ tó wọlé lọ́sẹ̀ yìí tí wọ́n ti ń gbé e jùlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ fa ọmọ yín lọ́wọ́, ẹ máa lọ sílé.

Ẹ tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wò. Fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń so pọ̀, irú èyí tí àwọn ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ń tẹ́, ó tó fún kàráté. Tí kọnkéré bá wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n sì ń gbé ọmọ ṣubú lórí rẹ̀, kò tó rárá.

Tí ọmọ bá forí gbá, tí orí ń fọ́ ọ, tó ń bì tàbí tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, kò gbọdọ̀ padà sórí ẹní lọ́jọ́ náà. Kí dókítà rí i. Ẹ bi bàbá yẹn ohun tó máa ṣe tó bá ṣẹlẹ̀. Ìdáhùn tí mo ti gbọ́ rí lẹ́nu olùkọ́ kan ni, "À á bu omi tútù sí i lórí." Kì í ṣe ìdáhùn.

Àti pé ọmọ ọdún 7 kò gbọdọ̀ máa fi oríkèé ìka gbára lélẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì kí ọwọ́ rẹ̀ lè "gbó". Egungun rẹ̀ ṣì ń dàgbà.

Bàbá_Gídígbò

Gbogbo yín ń sọ Jàpáànì, Jàpáànì. Kí ló ṣe gídígbò tiwa? Kí wọ́n tó bí Kano yẹn, àwọn bàbá wa ti ń jìjàkadì, tí ìlù ń dún, tí gbogbo ọjà ń wò. Àwọn Hausa kò ju dambe, ìjà ẹ̀ṣẹ́ tiwọn, nù. Àwa la máa ń sanwó kí ọmọ wa lè máa ka ení, èjì, ẹ̀ta ní èdè ẹlòmíràn.

Bẹ́líìtì_Búráùn

Bàbá, òótọ́ lẹ sọ. Ẹ ṣí tiyín sí Ọbáńtókò, kẹ́ ẹ ṣètò àkókò àti ẹní, a ó kó àwọn ọmọ wá.

Bàbá_Gídígbò

Orúnkún mi kò gbà mọ́.

Owó_Bẹ́líìtì

Ẹ ti sọ̀tàn tó. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó.

Ọmọ mi wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìdílé kan rí. Mi ò ní dárúkọ wọn, wọn kì í ṣe ti Ọbáńtókò tí obìnrin yìí ń wí. Bàbá ló ń kọ́ni, bàbá náà ló ń dánni wò, ìyá ló ń gbowó, ọmọ ló ń so bẹ́líìtì mọ́ ọmọ nídìí. Ìparí táàmù kọ̀ọ̀kan, ìdánwò. Ìdánwò kọ̀ọ̀kan, owó. Owó ìwé-ẹ̀rí, owó bẹ́líìtì, owó fọ́tò. Ní gbogbo ìgbà tí a fi wà níbẹ̀, mi ò rí ọmọ kan ṣoṣo tó kùnà. Ọmọ mi kò lè ṣe kata kejì láìyọjú wo ẹni tó wà níwájú rẹ̀, wọ́n sì ti so bẹ́líìtì àwọ̀ ewé mọ́ ọn. Àbíkẹ́yìn wọn gba dúdú kó tó wọ JSS 1. Ọmọ náà dùn ún wò o, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n dúdú!

Nígbà tí mo bèèrè, ìyá ní, "Dádì, ẹ̀yin kò mọ̀ nípa ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún Sensei." Sensei ni ọkọ rẹ̀. Ibi tí ìbéèrè òbí parí sí nìyẹn. Mo kó ọmọ mi kúrò.

Ìyá Oníbejì, ìbéèrè yín tó gbẹ̀yìn yẹn nìkan ni ìbéèrè. Ta ló ń dán bàbá yẹn fúnra rẹ̀ wò?

Bẹ́líìtì_Búráùn

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yìí wọ̀ mí lára. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: àwọ̀ bẹ́líìtì kì í ṣe nǹkan mímọ́ kankan. Nígbà tí Kano kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, funfun àti dúdú ló wà. Púpọ̀ nínú àwọn àwọ̀ àárín tó gbajúmọ̀ lónìí, ìlú Paris ni Mikinosuke Kawaishi ti mú kí wọ́n gbilẹ̀ láàárín 1930 sí 1940, kí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ lè máa rí i pé àwọn ń tẹ̀ síwájú. Ìdùnnú ọmọ wà nínú rẹ̀, kò sì sóhun tó burú ńbẹ̀. Owó nìkan ni kò gbọdọ̀ di ẹni tó ń dáni lẹ́kọ̀ọ́.

Bí ọmọ bá ń lọ déédéé, bẹ́líìtì dúdú gbọ́dọ̀ gbà á tó ọdún 3 sí 5, ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni kì í fún ọmọ kékeré ní dan (ipò bẹ́líìtì dúdú) àgbà rárá, wọ́n á fún un ní ti ọmọdé, á tún padà jókòó ìdánwò tó bá dàgbà.

Ẹ béèrè nǹkan kan tó rọrùn: ta ló fọwọ́ sí ìwé-ẹ̀rí? Tó bá jẹ́ orúkọ bàbá nìkan ló wà nísàlẹ̀, bàbá ló ni ìjọba. Tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ tàbí ní orílẹ̀-èdè ló fọwọ́ sí i, ẹnìkan wà lókè rẹ̀ tẹ́ ẹ lè kọ̀wé sí. Ẹ tún béèrè bóyá àwọn ọmọ ibẹ̀ máa ń jáde lọ bá àwọn ọmọ ibòmíràn díje. Lẹ́ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìpínlẹ̀ Ògùn ti gba àlejò Ìdíje Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè, ní 2006 àti ní 2025. Pápá MKO Abíọ́lá ní Kútọ̀ kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Olùkọ́ tó bá ti ń kọ́ni láti ọjọ́ pípẹ́ nílùú yìí tí kò mú ọmọ kan jáde rí, ó ní ohun tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn rí.

Ọmọ_Sensei

Láti àná ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, Abẹ́òkúta níbí náà. Bàbá mi kò kọ́ni mọ́, torí náà mi ò polówó ọjà.

Nínú gbọ̀ngàn, a kò gbọdọ̀ pè é ní Dádì. Ẹni tó bá gbàgbé, ó di ìdọ̀bálẹ̀-dìde 10. Nílé náà, kò fi bẹ́ẹ̀ sinmi jíjẹ́ Sensei. Ó lè máa jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́ kó ní kí n dìde wá fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mi hàn án. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, ó le fún ọmọ wọn ju fún ọmọ yín lọ. Ọmọ yín á lọ sílé lágogo mẹ́fà.

Ṣùgbọ́n bàbá mi kò dán èyíkéyìí nínú wa wò rí. Tó bá ti di ọjọ́ ìdánwò wa, ó máa ń pe olùkọ́ àgbà kan wá láti Ìbàdàn, òun á sì jáde lọ jókòó sínú mọ́tò. Kì í yọjú títí wọ́n á fi ṣe tán. Mo kùnà nígbà tí mo fẹ́ gba búráùn, níwájú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní kata fúnra mi. Mo sunkún débi pé mi ò jẹun lálẹ́. Bàbá mi ò tilẹ̀ bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá Ìbàdàn ti sọ fún mi. Ìdúró rẹ ti ga jù." Ó parí. Ọjọ́ yẹn ni àwọn òbí tó kù gbà pé bẹ́líìtì tí ọmọ tiwọn ń gbà kì í ṣe ọjà.

Ìbéèrè yín pé ta lẹ máa fẹjọ́ sùn, nílé tiwa, ìyá mi ni. Òun ló ni rẹ́jísítà. Òun ló máa ń mọ ọmọ tí kò tíì jẹun, ọmọ tí wọ́n ń lù nílé, ọmọ tó kàn ń wá torí kó má bàa wà nílé. Òfin kan wà tó fi lélẹ̀ tí bàbá mi gan-an kò gbọdọ̀ rú: olùkọ́ kan àti ọmọ kan kì í dá wà nínú yàrá, ilẹ̀kùn kì í sì í wà ní títì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbé ọmọ kan lọ sílé lórí ọ̀kadà nígbà kan tí òjò ń rọ̀, ó rò pé inúure lòun ṣe. Ìyá mi kó aṣọ gi rẹ̀ mọ́lẹ̀ di ìparí oṣù. Ẹ lọ wo bí ìyá ilé yẹn ṣe rí. Tí ohùn rẹ̀ bá lè dá ohùn ọkọ rẹ̀ dúró nínú gbọ̀ngàn, ọmọ yín wà níbi tó dára. Tó bá jẹ́ owó nìkan ló ń gbà, ẹ tún un rò.

Ẹ̀yin òbí náà ńkọ́? Ní 2022, àjọ júdò Jàpáànì fagi lé ìdíje orílẹ̀-èdè àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pátápátá. Ara ohun tó fà á ni pé àwọn òbí àti olùkọ́ ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ létí ẹní, wọ́n ń fi ebi pa wọ́n kí ìwọ̀n wọn lè fúyẹ́. Àwọn tó ni júdò gan-an nìyẹn o! Mo rántí ìyá kan tó máa ń na ọmọ rẹ̀ nínú mọ́tò tó bá ti fìdí rẹmi. Bàbá mi ní kó mú ọmọ náà wá, kí òun fúnra rẹ̀ máa dúró síta.

Àdìsá_Adátán

Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ gba búráùn yẹn níkẹyìn?

Ọmọ_Sensei

Mo gbà á. Mo gba dúdú náà. Ìdúró mi ṣì ga.

Télọ̀_Ìtòkú

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ aṣọ, ibẹ̀ lowó yín sì máa ń ṣòfò sí. Mo ti rán gi fún àwọn ọmọ kan. Ti kàráté, ẹ lè fún télọ̀ rán an, aṣọ funfun tó nípọn díẹ̀, kò wúwo, kì í ya. Ti júdò, ẹ má dán an wò. Kọ́là àti apá aṣọ ni wọ́n ń dì mú, wọ́n á fà á tagbáratagbára. Èyí tí mo rán fún ọmọ kan, mo rán abíyá rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì, ó ti ya dé ìgbáròkó. Aṣọ júdò tòótọ́, bí wọ́n ṣe hun ún yàtọ̀, ó nípọn, ojú rẹ̀ hàn bíi hóró ìrẹsì. Ẹ ra òkìrìkà tó bá dára, ó sàn ju tuntun tí èmi máa rán lọ. Mo ń fọwọ́ ara mi lé oníbàárà lọ, ẹ gbà mí gbọ́.

Ìyá_Oníbejì

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo lọ lọ́jọ́ Sátidé, mo sì jókòó títí wọ́n fi parí.

Kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọmọkùnrin àgbà yẹn, ẹnu rẹ̀ mú jù. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tó sanra díẹ̀, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní kó fi oríkèé ìka gbára lélẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Mo ti fẹ́ dìde nígbà tí ìyá náà pè é láti ẹ̀yìn, "Senpai, wá." (Bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tó ṣíwájú nínú ẹ̀kọ́ nìyẹn.) Kò pariwo. Wọ́n jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, nígbà tí ọmọkùnrin yẹn padà wọlé, ó jókòó ti ọmọ náà, ó sì ń mú un ṣe é pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, díẹ̀díẹ̀. Aunty Ọmọ_Sensei, ẹ̀yin ni mo rántí.

Ti júdò: àwọn tuntun mẹ́ta wà ní igun kan, wọn kò ṣe nǹkan mìíràn ju ukemi lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Ọmọbìnrin wọn kékeré ló ń kọ́ wọn, "Kókó bẹ́líìtì! Kókó bẹ́líìtì!" títí ohùn fi há a. Ṣùgbọ́n ẹní yẹn tinrín, Nọ́ọ̀sì. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, mo mọ sìmẹ́ńtì lábẹ́ rẹ̀. Mo sọ fún bàbá náà. Ó ní òtítọ́ ni, ìdí nìyẹn tí kò fi jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹlòmíràn ṣubú láti orí ìdúró níbẹ̀, orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é títí òun á fi rí owó ẹní gidi. Lóòótọ́, orí ìkúnlẹ̀ ni mo rí wọn.

Títẹríba: kò sí àwòrán kankan lára ògiri wọn, àsíá Nàìjíríà àti kàlẹ́ńdà ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní ọmọ mi lè dúró mirí. Màá padà sọ fún ìyá ìjọ wa, bóyá yóò gbà tàbí kò ní gbà.

Ìwé-ẹ̀rí: mo ní kí wọ́n fi ọ̀kan hàn mí. Orúkọ méjì ló wà nísàlẹ̀, ti bàbá àti ti ẹnìkan tí kì í ṣe ẹbí wọn, ará Èkó. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ọkùnrin náà máa ń wá.

Màá fi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí kàráté. Júdò di ìgbà tí ẹní tuntun bá dé.

Nọ́ọ̀sì_ÌdíÀbà

Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ fi nọ́ńbà fóònù yín sínú rẹ́jísítà wọn, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ bí ìkankan nínú wọn bá ní asímà.

Owó_Bẹ́líìtì

Ará Èkó yẹn, ta ló ń sanwó ọkọ̀ rẹ̀?

Ìyá_Oníbejì

Mo bi wọ́n! Inú owó ìdánwò ló ti ń jáde, òun àti oúnjẹ rẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n fi ní owó ìdánwò wà lọ́tọ̀.

Owó_Bẹ́líìtì

Ó dáa. Tí ìdánwò àkọ́kọ́ bá kọjá, ẹ padà wá síbí, kẹ́ ẹ sọ fún wa iye ọmọ tó kùnà.